Wọ́n Wá Béèrè fún Àga, Ògbufọ̀ Ni Wọ́n Nílò: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan láti Àkúrẹ́

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí wáyé ní Àkúrẹ́, láàárín àwọn ọmọ ìlú kan ní Àkókó tí mo bá ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ọdún kan. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, mi ò sì ní dárúkọ èdè wọn, nítorí èdè náà kò kọjá ìlú kan àti abà mẹ́ta. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ èdè ti mọ ìlú, ẹni tó bá sì mọ ìlú ti mọ àwọn àgbà tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ ìwé àbá tí wọ́n bá fẹ́ gbé lọ síwájú àwọn aṣòfin. Àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ náà ni mo ń bá sọ̀rọ̀: akọ̀wé ẹgbẹ́, ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì aṣojú-ṣòfin, àti olùkọ́ tí wọ́n máa ń ṣàdédé sọ di ògbufọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìjókòó.

Ẹni tí kò bá dé Àkókó rí lè rò pé Yorùbá nìkan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní Àkókó, ní apá àríwá Ìpínlẹ̀ Oǹdó, èdè a máa yí padà láàárín ìlú méjì tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Èdè tí wọ́n ń sọ ní Àrìgìdì yàtọ̀ sí ti Auga, ti Auga yàtọ̀ sí ti Akunnu, àwọn èdè tí wọ́n sì ń sọ ní agbègbè Ìsùà àti Epinmi bá èdè Ẹdó tan ju bí wọ́n ṣe bá Yorùbá tan lọ. Yorùbá ni gbogbo wọn fi ń ná ọjà ní Ìkàrẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, òun náà ni wọ́n sì ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Èdè abínibí wọn ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé, lóko, àti níwájú ọba wọn.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yìí máa ń ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àkúrẹ́. Alága wọn jẹ́ olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì gbé ìwé olójú-ewé méjì tí wọ́n fi ọwọ́ kọ lé mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ. Ohun tí ìwé náà béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n yọ ìlú wọn kúrò nínú ẹkùn ìdìbò tó wà, kí wọ́n fún un ní ẹkùn ìdìbò tirẹ̀, kí ọmọ wọn lè ní àga, ìyẹn ipò aṣòfin, nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìdí tí wọ́n fi béèrè ni pé aṣojú tó gbọ́ èdè wọn kò tíì sí rí. Bàbá Alága sọ fún mi pé, "Àbúrò, gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ bá ìjọba sọ̀rọ̀, ẹnu ẹlòmíràn la fi ń sọ ọ́." Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n n kò fetí sí i dáadáa. Tí mo bá fetí sí i ni, iṣẹ́ oṣù márùn-ún tí a fi wá àga kì bá tí wáyé, nítorí Bàbá kò dárúkọ àga rárá nínú gbólóhùn náà. Ẹnu ni wọ́n dárúkọ.

A bẹ̀rẹ̀ láti ibi àga. Aṣojú 26 ló wà nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti ìjọba ìbílẹ̀ 18. Mẹ́wàá nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà ní àga kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ tó kù ní méjì-méjì, Àkókó látòkè délẹ̀ sì ní mẹ́fà. Abala 91 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé àga inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 24, kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ. Àjọ elétò ìdìbò, INEC, ló ń pín ìpínlẹ̀ sí ẹkùn ìdìbò, òfin sì ti là á sílẹ̀ pé iye ènìyàn inú ẹkùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka àwọn olùgbé Ìpínlẹ̀ Oǹdó sí ohun tó lé ní mílíọ̀nù 3.4. Tí a bá pín in sí ọ̀nà 26, ẹkùn kan yóò ní ohun tó lé ní 130,000 ènìyàn. Ìlú tí a ń sọ yìí, pẹ̀lú àwọn abà rẹ̀ àti gbogbo ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ àti Èkó, kò lè kó ìdá mẹ́wàá iye yẹn jọ.

Mo ka ìṣirò náà fún wọn lórí pátákó kíláàsì. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà dìde, wọ́n béèrè pé báwo wá ni àwọn Ìjọ, ìyẹn ẹ̀yà Ijaw, ṣe ní àga tiwọn. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí n dáhùn rẹ̀ dáadáa. Àwọn Ìjọ Arogbo àti àwọn Àpọ́ì ni wọ́n ni ìjọba ìbílẹ̀ Ese-Odo ní apá gúúsù ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ náà sì ní àga kan nínú ilé ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ sínú òfin pé àga náà jẹ́ ti èdè Ìjọ. Ọdún 1996 ni wọ́n dá Ese-Odo sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí pé àwọn ènìyàn náà ń gbé pọ̀ lójú kan, lẹ́bàá omi, àga tí ilẹ̀ gbà bọ́ sí ọwọ́ àwọn tó ń sọ èdè kan náà. Àní nínú àga kan ṣoṣo yẹn, ìhà Arogbo tí wọ́n ṣì ń sọ èdè Ìjọ àti ìhà Àpọ́ì tí Yorùbá ti gba ẹnu wọn ni wọ́n jọ ń pín in. Ilẹ̀ ló ń gba àga lábẹ́ òfin wa. Èdè tí àwọn tó ń sọ ọ́ bá ń gbé lójú kan náà, tí wọ́n sì pọ̀ tó, yóò bá ilẹ̀ wọlé. Èyí tó bá kéré, tí àwọn èdè mìíràn sì yí i ká, yóò dúró síta.

Ìpàdé ọjọ́ náà parí láìsí ariwo, èyí tó bà mí nínú jẹ́ ju ariwo lọ.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì mú ohun tuntun wá. Ó ti kà nípa South Tyrol, ẹkùn olókè kan ní àríwá Ítálì tó bá Austria pààlà. Ó fi gbogbo ọ̀sán ṣàlàyé rẹ̀, àwọn àgbà sì gbọ́ ọ láìmira. Mo tẹ̀ lé e, mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fúnra mi, ó sì tọ́ kí n kọ ọ́ síbí dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé àbá tí mo ti rí láti ìgbà náà ló ń dárúkọ irú ibi bẹ́ẹ̀ láìsọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin South Tyrol ní aṣojú 35, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń yàn wọ́n. Gbogbo ẹkùn náà jẹ́ àgbègbè ìdìbò kan ṣoṣo: ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan yóò gbé orúkọ jáde, olùdìbò yóò mú ẹgbẹ́ kan, ó sì lè tọ́ka sí àwọn tó wù ú nínú orúkọ tí ẹgbẹ́ náà gbé jáde. Bí ìbò ẹgbẹ́ bá ti pọ̀ tó ni àga rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Èdè mẹ́ta ni òfin mọ̀ níbẹ̀. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2011, ohun tó lé díẹ̀ ní ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún kéde ara wọn gẹ́gẹ́ bí elédè Jámánì, ìdá 26 gẹ́gẹ́ bí elédè Ítálì, ìdá mẹ́rin àti ààbọ̀ sì gẹ́gẹ́ bí elédè Ladin, ìyẹn nǹkan bí 20,000 ènìyàn tó wà ní àfonífojì àárín òkè. Òfin ìṣàkóso ẹkùn náà fi dá àwọn Ladin lójú pé ó kéré tán, ọmọ wọn kan yóò wà nínú ilé ìgbìmọ̀. Ó tún kù: bí àwọn aṣojú ẹ̀yà èdè kan bá rí i pé àbá òfin kan yóò pa ẹ̀tọ́ wọn lára, wọ́n lè ní kí wọ́n dìbò lórí rẹ̀ ní ẹ̀yà èdè kọ̀ọ̀kan, bí àbá náà bá sì kọjá láìka àtakò wọn sí, wọ́n lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ń dájọ́ lórí òfin ìpìlẹ̀ Ítálì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi Schleswig-Holstein ní àríwá Jámánì kún un. Níbẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò bá gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìbò kì í wọ ilé ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 1955 ni wọ́n ti yọ ẹgbẹ́ àwọn elédè Denmark kúrò lábẹ́ òfin yẹn, kí kíkéré wọn má baà tì wọ́n síta.

Ẹ̀rín padà sí ẹnu àwọn àgbà. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: kí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe bí ti Ladin. Mo kọ ọ́. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, n kò lè dì í ru ẹnikẹ́ni. Mo kọ ojú-ewé mẹ́sàn-án tó dùn ún kà, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, títí tí obìnrin agbẹjọ́rò kan, ọmọ ìlú náà tó ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, fi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi tó sì bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta tí n kò rí dáhùn.

Èkínní ni pé ibo ni àga náà yóò ti wá. Ní South Tyrol, àga 35 ni wọ́n ń pín láti inú àpò kan. Ó rọrùn láti gbé ọ̀kan bọ́ sí ibi tí òfin fẹ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní àga kan, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń gbé e lọ. Kò sí àpò tí a óò ti yọ ọ́. Bákan náà, kò sí iye ìbò tí òfin ní kí ẹgbẹ́ kan kọ́kọ́ ní kó tó wọlé, nítorí náà kò sí ohun tí a óò yọ wọ́n kúrò lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó tún ṣòro ni pé ìlú mìíràn ní Àkókó tó ní èdè tirẹ̀ ju mẹ́wàá lọ. Bí wọ́n bá fún ọ̀kan, kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún àwọn yòókù?

Èkejì ni pé ta ló dúró lẹ́yìn wọn. Ẹ̀tọ́ àwọn elédè Jámánì ní South Tyrol kò jáde láti inú ìwé àbá. Àdéhùn tí Ítálì àti Austria fọwọ́ sí ní Paris ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1946 ló wà nídìí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dé iwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kí òfin ìṣàkóso tó wà lónìí tó jáde ní ọdún 1972. Àwọn elédè Denmark ní Jámánì ní Denmark lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn Ladin tí kò ní orílẹ̀-èdè kankan lẹ́yìn wọlé lábẹ́ àbùradà tí àwọn mìíràn ti ṣí, lọ́pọ̀ ìgbà sì ni aṣojú wọn ń ti inú ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn elédè Jámánì wọlé. Ìlú tiwa kò ní ẹni tó lè bá wọn bá Àbújá sọ̀rọ̀ láti òkèèrè.

Ìbéèrè kẹta ló yí gbogbo nǹkan padà. Obìnrin náà béèrè pé, "Bí wọ́n bá ní kí a kéde èdè wa, èèyàn mélòó ni yóò kéde rẹ̀?" Ní South Tyrol, ìkéde yẹn ni wọ́n fi ń pín iṣẹ́ ọba pẹ̀lú, nítorí náà ó ṣe ènìyàn láǹfààní láti sọ ẹni tó jẹ́. Ní Nàìjíríà, ètò ìkànìyàn ọdún 1991 àti ti 2006 kò béèrè ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ẹ̀sìn. A gbé ìbéèrè náà lọ sí ìpàdé. Bàbá Alága ní kí àwọn tí ọmọ wọn gbọ́ èdè náà dáadáa na ọwọ́. Nínú ohun tó lé ní ogójì ènìyàn tó wà nínú kíláàsì, ọwọ́ mẹ́fà ló gòkè. Bàbá wo ọwọ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Bí wọ́n bá kà wá, a tán." A fa ojú-ewé mẹ́sàn-án náà ya.

Mo gbà pé ibí yìí ni iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀. Agbẹjọ́rò náà ló ṣí abala 97 nínú òfin ìpìlẹ̀ fún wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ abala 55, tó sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Àbújá yóò máa lò, àti Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá nígbà tí ètò tó péye bá ti wà fún un. Abala 97 ni ti ìpínlẹ̀, ọ̀nà tí ó gbà sọ̀rọ̀ sì yàtọ̀. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ yóò máa lò, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi èdè kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún un, bí ilé bá fi ìpinnu fọwọ́ sí i. Kò dárúkọ Yorùbá. Kò sọ pé kí èdè náà tóbi. Èdè tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà ló sọ, kò sì sí àtúnṣe òfin tàbí ìkànìyàn kankan tí ìlú náà ní láti dúró dè. Ìbò àwọn tó ti wà lórí àga náà ti tó.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi Yorùbá jókòó fún ọdún púpọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, inú mi sì máa ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n ojú tí ọmọ Àkókó tí èdè rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá fi ń wo irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, ẹnu àwọn àgbà wọ̀nyí ni mo sì ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, yóò sì rọrùn fún wọn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Síbẹ̀, lójú wọn, Yorùbá ni omi ńlá tí èdè wọn ń rì sínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jìnnà sí wọn gan-an. Àwa tí a jẹ́ Yorùbá máa ń ka ara wa sí ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọwọ́ tì sẹ́yìn, a kì í sábà rántí pé àwa náà ní ẹni tó wà lẹ́yìn wa.

Wọ́n fẹ́ kí n kọ ọ́ pé kí ilé ìgbìmọ̀ máa jókòó ní èdè wọn. Lẹ́yìn ohun tí ojú mi ti rí, mo ní kí a kọ́kọ́ dán an wò. Mo mú ojú-ewé kan nínú àbá òfin kan tó wà níta nígbà náà, mo ní kí àwọn tó gbọ́ èdè náà jù lọ túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣe é. Wọn kò fẹnu kò lórí bí a ṣe ń kọ àwọn fáwẹ́lì kan sílẹ̀, nítorí èdè náà kò tíì ní àkọtọ́ tí gbogbo wọn gbà. Ní ibi tí a bá ti kan ọ̀rọ̀ bí ìṣúnà tàbí ìwé àṣẹ, Yorùbá ni wọ́n ń yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi tí òfin náà ti sọ̀rọ̀ nípa igbó, odò àti ilẹ̀ oko, èdè wọn pọ̀ ju ti ìwé lọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kó sinmi fún ọdún kan, èyí tí a fi sílẹ̀ tó ti di igbó, àti èyí tí a fi sílẹ̀ nítorí òkú tó wà nínú rẹ̀. Nínú ìwé òfin, ilẹ̀ tí a kò lò ni gbogbo wọn.

Láti ibẹ̀ ni a ti mọ ohun tí a ó béèrè. Aṣojú tó ń jiyàn lórí ìṣúnà kò nílò èdè náà. Àgbẹ̀ tó fẹ́ jẹ́rìí lórí ilẹ̀ rẹ̀ ló nílò rẹ̀. A wá kọ ìwé àbá tuntun olójú-ewé méjì péré: kí ẹnikẹ́ni tó bá wá síwájú ìgbìmọ̀ kan nínú ilé aṣòfin láti sọ̀rọ̀ lórí àbá òfin lè sọ ọ́ ní èdè yòówù tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà, kí ògbufọ̀ wà fún un, kí wọ́n sì kọ ohun tó sọ ní èdè rẹ̀ mọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀. Nítorí pé kò dárúkọ èdè kan, ìlú mẹ́rin mìíràn ní Àkókó àti ẹgbẹ́ kan láti Arogbo bá wọn fọwọ́ sí i. Ìlú tí kò tó nǹkan lórí pátákó kíláàsì ti wá ní alájọṣe láti àríwá títí dé etí omi.

Ọjọ́ ìjókòó láti gbọ́ èrò aráàlú pé. Àbá òfin lórí lílo ilẹ̀ oko àti igbó ni wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lé lórí. A mú Màmá kan wá láti ìlú náà, àgbẹ̀ tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá ọjà nìkan. Ògbufọ̀ wa jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó gbọ́ èdè náà àti Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, mo sì rò pé ìyẹn ti tó. Màmá sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Olùkọ́ náà dìde, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ gbólóhùn kan: wọ́n ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n má gba ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀. Ó jókòó. Màmá wò ó, wọ́n wo èmi náà, wọ́n sì fi Yorùbá béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn?"

Ojú tì mí. A ti fi ohun tó lé ní ọdún kan jà pé kí obìnrin yìí má fi ẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, àwa fúnra wa la wá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Olùkọ́ náà kò ní èrò ibi lọ́kàn. Bí olùkọ́ ṣe ń kó ẹ̀kọ́ pọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe kó ọ̀rọ̀ náà pọ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ògbufọ̀ yàtọ̀ sí iyẹn. Èmi ló yẹ kí n sọ fún un.

Ẹni tó ń darí ìjókòó náà ló yọ wá. Wọ́n ní àwọn ti rí i pé kò tíì tẹ́ Màmá lọ́rùn, kí Màmá tún un sọ, kí ògbufọ̀ sì máa gbà á ní gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́jọ náà jáde. Odò kan wà tí ìwé ìjọba dá mọ̀ pẹ̀lú orúkọ Yorùbá kan. Ní èdè ìlú náà, orúkọ odò ọ̀hún túmọ̀ sí ibi tí a ti pínyà, nítorí pé ibẹ̀ ni ìlú méjì ti pín ilẹ̀ oko ní ayé àwọn baba wọn. Nínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n so mọ́ àbá òfin, wọ́n ti gbé ààlà igbó kọjá odò náà sí apá ibi tí oko Màmá àti ti ìdílé mìíràn wà, bíi pé kò sí ààlà kankan níbẹ̀ rí. Orúkọ tó wà lẹ́nu wọn ni ẹ̀rí tí wọ́n ní, orúkọ náà kò sì lè jẹ́rìí ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n béèrè bí a ṣe ń kọ orúkọ náà, olùkọ́ sì kọ ọ́ sórí pépà fún akọ̀wé ìgbìmọ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀rí Màmá wọ inú ìròyìn ìgbìmọ̀ náà ní kíkún. Ìpinnu lórí èdè tí a béèrè fún kò tíì jáde títí di àkókò tí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà bá ìlú méjì inú ẹkùn wọn ṣe àdéhùn lórí ìdìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ òṣèlú, pé kí wọ́n máa gbé ara wọn lárugẹ ní yípoyípo, nítorí wọ́n ti rí i pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu ẹni tó máa wọlé kí àwọn ará ìlú tó dìbò. Ọmọ wọn kò rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà ní ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n aṣojú tó wọlé gbà láti máa mú ògbufọ̀ dání bí ó bá ń bọ̀ ní ìlú náà, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tí mo fi ojú rí.

Fún àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo ti yí ọ̀nà tí mo ń gbà bẹ̀rẹ̀ padà. Kí n tó béèrè iye ènìyàn tàbí iye àga, mo máa ń béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, ẹni tí yóò sọ ọ́, àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti máa ń sọnù kó tó dé etí aṣòfin. Bí wọ́n bá mú àpẹẹrẹ ilẹ̀ òkèèrè wá, mo máa ń ka ọ̀nà ìdìbò ibẹ̀ kí n tó ka ẹ̀tọ́ tó wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ àwọn Ladin kò ṣeé yà kúrò lára ọ̀nà tí wọ́n gbà ń pín àga 35 yẹn. N kò tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè pé kí wọ́n ka àwọn láìjẹ́ pé a ti kọ́kọ́ ka ara wa nínú yàrá, pẹ̀lú ọwọ́ tó gòkè. Ní ti ògbufọ̀, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìjókòó ni mo máa ń jókòó tì í pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, kí a jọ kọ àwọn orúkọ ibi, orúkọ igi, orúkọ ilẹ̀ àti orúkọ oyè sílẹ̀, kí a sì fẹnu kò lórí ibi tí ẹlẹ́rìí yóò ti dúró kí ògbufọ̀ tó gbà á. Mo tún máa ń rí i dájú pé ohun tí ẹlẹ́rìí sọ wà ní èdè tó fi sọ ọ́, kì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan, nítorí pé ìtumọ̀ lè ṣàṣìṣe, bí a ti ṣe ṣàṣìṣe.

Ojú-ewé mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ Màmá gbà nígbà tí olùkọ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wọn. Ó wà nínú fáìlì akọ̀wé ẹgbẹ́ ní Àkúrẹ́. Wọ́n kọ orúkọ odò náà ní ọ̀nà méjì nínú rẹ̀, nítorí pé àríyànjiyàn lórí fáwẹ́lì náà kò tíì parí, Bàbá Alága sì ní kí ẹnikẹ́ni má pa ọ̀kankan nínú méjèèjì rẹ́.